Àhesọ Ọjà Ṣíìpù: Ohun Tí Samsung Kò Lè Rà Lọ́wọ́ AMD àti Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Intel Dé Dúró

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìwé ìròyìn Wall Street Journal ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé e jáde pé ilé-iṣẹ́ Qualcomm ti tọ Intel lọ láti wádìí bóyá yóò ṣeé ṣe fún un láti rà á. Qualcomm ni ó ń ṣe ọpọlọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn káàkiri ayé. Intel sì ni a mọ̀ mọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà láti ohun tó lé ní ogójì ọdún. Kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Síbẹ̀, kí ọjà ìpín ìdókòwò tó pa lọ́jọ́ náà, iye owó ìpín Intel ti gbéra sókè. Nígbà tí oṣù kọkànlá yóò fi dé, ìròyìn mìíràn ti ń sọ pé ìfẹ́ Qualcomm sí òwò náà ti tutù. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí kò dárúkọ ara wọn parí lẹ́nu àwọn tí kò dárúkọ ara wọn.

Ẹni tó bá rántí ọdún 2015 yóò mọ̀ pé orin yìí kì í ṣe tuntun, àwọn eléré ni wọ́n pààrọ̀ ipò. Ní oṣù kẹta ọdún náà, àwọn oníròyìn ní Gúúsù Kòríà kọ ọ́ pé Samsung, òmìrán tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n, fóònù, fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ń gbèrò láti ra AMD. Nígbà náà, AMD ni aláìsàn, Intel sì ni ọba ọjà tí ẹnikẹ́ni kò lè na ìka sí. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni ó gbà kí aláìsàn tó dìde, kí ọba tó dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò yí padà. Àdéhùn kan ṣoṣo, tí AMD àti Intel jọ fọwọ́ sí ní ọdún 2009, ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà olùrà nígbà méjèèjì. Àhesọ a máa ka ilé, a máa ka ẹ̀rọ, a máa ka gbèsè àti owó ìpín. Ohun tó níye lórí jù lọ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì yìí kò sí nínú ohun tó ń kà, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé dì mọ́ ẹrù olùrà.

Èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́

Ṣíìpù ni ègé sílíkọ́nì kékeré tó ń ṣe ìṣirò fún kọ̀ǹpútà. Bí a kò ṣe lè rán ẹni tí kò gbọ́ èdè wa níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ṣíìpù nílò èdè kí á tó lè rán an: mú nọ́ńbà yìí, rò ó pọ̀ mọ́ ìyẹn, gbé èsì rẹ̀ síbí. Àkójọ àwọn àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni èdè ṣíìpù. Èdè tí ṣíìpù Intel gbọ́ ni a ń pè ní x86, orúkọ tó ṣẹ́yọ láti ara ṣíìpù 8086 tó jáde ní ọdún 1978. Nígbà tí IBM ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ ní ọdún 1981, ọmọ ìyá 8086 kan, tí ń jẹ́ 8088, ni ó fi ṣe ọpọlọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni èdè yìí ti gbilẹ̀. Windows gbọ́ ọ, àwọn ilé ìfowópamọ́ kọ iṣẹ́ wọn lé e lórí, àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró sì ń sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ta ṣíìpù tí yóò gbọ́ gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí láìsí ògbufọ̀, àfi kó gba àṣẹ lọ́wọ́ oní-èdè.

Báwo ni AMD ṣe wá rí àṣẹ náà gbà? Ọmọ ilé kan náà ni Intel àti AMD. Robert Noyce àti Gordon Moore kúrò ní Fairchild Semiconductor, wọ́n dá Intel sílẹ̀ ní ọdún 1968. Jerry Sanders náà jáde láti ibẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá AMD sílẹ̀ ní ọdún 1969. IBM kò fẹ́ kí olùtajà kan ṣoṣo di òun lọ́rùn mú. Ó fẹ́ kí ẹlòmíràn máa ṣe irú ṣíìpù kan náà, kí ọjà má baà wọ́n nígbà tí Intel bá kọsẹ̀. Ní ọdún 1982, Intel àti AMD fọwọ́ sí àdéhùn tó sọ AMD di olùṣe kejì. Kò pẹ́ tí Intel fi rí i pé ọjà náà dùn ju kí á pín in lọ. Nígbà tí ó ṣe ṣíìpù 386 ní ọdún 1985, kò fẹ́ fi ìlànà rẹ̀ han AMD mọ́. Wọ́n gbé ara wọn lọ sọ́dọ̀ onílàjà, wọ́n gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì parí títí di ọdún 1995.

Ẹni tó mọ bí ìṣákọ́lẹ̀ ṣe ń rí nílẹ̀ Yorùbá kò ní ṣòro fún láti lóye ipò AMD. Ẹni tí a fún nílẹ̀ dá oko lè roko, ó lè gbìn, ó lè kórè, ó sì lè dọlọ́rọ̀ nídìí rẹ̀. Ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ni kí ó ta ilẹ̀ náà fún àlejò. Àṣà kan náà ló tún kọ̀ fún un láti gbin igi tó ń pẹ́ láyé, bí obì tàbí kòkó, láìgba àṣẹ, nítorí pé igi a máa sọ aroko di onílẹ̀. Níbi tí ìtàn AMD ti yàtọ̀ nìyí: ó gbin igi. Ní ọdún 2003, nígbà tí x86 kò gbòòrò tó fún iṣẹ́ tí ayé fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́, tí Intel fúnra rẹ̀ sì ti yíjú sí èdè mìíràn tí ń jẹ́ Itanium, AMD ló fẹ èdè náà lójú. Ìlànà rẹ̀, AMD64, ni àwọn onísọ́fítíwià gbà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Intel náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Láti ọjọ́ náà, onílẹ̀ kò lè rìn nínú oko ara rẹ̀ láìgba abẹ́ igi aroko kọjá. Kò sí ṣíìpù x86 òde òní tí Intel lè tà láìlo ohun tí AMD dá sílẹ̀, kò sì sí èyí tí AMD lè tà láìlo ti Intel.

Ìdí nìyí tí àdéhùn ọdún 2009 fi rí bó ṣe rí. Ní oṣù kẹta ọdún náà, AMD yọ àwọn ilé ìṣelọ́jà rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sọ wọ́n di ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ GlobalFoundries, owó ìjọba Abu Dhabi ló sì gbé e dúró. Intel fárígá. Ó ní AMD ti rú àdéhùn tó wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀, pé àṣẹ tí òun fún AMD kò kan ilé-iṣẹ́ tuntun yìí. Àríyànjiyàn yìí àti ẹ̀sùn AMD pé Intel ń fi ọwọ́ agbára dí òun lọ́nà lọ́jà ni wọ́n jọ parí ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Intel san bílíọ̀nù 1.25 dọ́là fún AMD, wọ́n sì kọ àdéhùn tuntun tí kálukú fi yọ̀ǹda ohun tirẹ̀ fún ìkejì. Nínú àdéhùn náà ni awẹ́ gbólóhùn kan wà, tí akẹ́kọ̀ọ́ gírámà lè kà kọjá láìbojúwẹ̀yìn: bí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì bá bọ́ sí abẹ́ àkóso olówó mìíràn, àdéhùn dópin, àṣẹ tí ẹni méjèèjì gbà lọ́wọ́ ara wọn sì parẹ́. Kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n rà nìkan. Ti méjèèjì ni.

Ọdún tí AMD ṣàìsàn

Kí ni ó mú kí ẹnikẹ́ni rò pé AMD ti tó rà ní ọdún 2015? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ní ọdún 2006, AMD ra ATI, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Kánádà tó ń ṣe ṣíìpù àwòrán, ní bílíọ̀nù 5.4 dọ́là, gbèsè rẹ̀ sì wúwo lọ́rùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣíìpù tó pè ní Bulldozer, tó gbé jáde ní ọdún 2011, kò lè dúró níwájú ti Intel. Ní ọdún 2013, ó ta ọgbà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Austin ní ìpínlẹ̀ Texas ní mílíọ̀nù 164 dọ́là, ó sì tún padà háyà rẹ̀. Ẹni tó bá ta ilé rẹ̀ tó tún di ayálégbé nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ṣíìpù inú ẹ̀rọ géèmù PlayStation 4 àti Xbox One ni ó ń mú owó díẹ̀díẹ̀ wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, Lisa Su di ọ̀gá àgbà, kò sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ilé-iṣẹ́ náà fi kéde pé ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ yóò lọ sílé. Òfò ọdún 2014 jẹ́ mílíọ̀nù 403 dọ́là. Ti ọdún 2015 tó mílíọ̀nù 660. Gbèsè tó wà nílẹ̀ ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Ìpín kan kò tó dọ́là mẹ́ta. Gbogbo ilé-iṣẹ́ náà, bí a bá fi owó ìpín wọ̀n ọ́n, kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ.

Samsung ní ìdí tirẹ̀. Lee Byung-chul ló dá a sílẹ̀ ní ìlú Daegu ní ọdún 1938, nígbà tó ń ta oúnjẹ. Ọdún 1974 ló ra ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Hankook Semiconductor, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ṣíìpù títí ó fi di aṣíwájú nínú ṣíìpù tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan. Ṣùgbọ́n ìrántí yàtọ̀ sí ìrònú. Ọjà ṣíìpù ìrántí a máa wọ́n lónìí, a sì máa pọ̀ lọ́la bí tòmátì ìgbà òjò. Ọjà ṣíìpù tó ń ronú ni owó rẹ̀ dúró. Ní ọdún 2015 náà, Samsung yọ ṣíìpù Qualcomm kúrò nínú fóònù Galaxy S6, ó fi Exynos tirẹ̀ rọ́pò. Ó hàn pé ó ń wá òmìnira. Owó tó wà nílẹ̀ fún un ju iye owó AMD lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Lójú ẹni tó ń ka owó nìkan, kí ló kù?

Ohun tó kù ni awẹ́ gbólóhùn yẹn. Lọ́jọ́ tí Samsung bá di olówó AMD, AMD kò ní láṣẹ láti ta ṣíìpù x86 mọ́. Yóò ti san owó oko, yóò sì bá ilẹ̀ gbígbẹ. Lóòótọ́, Intel náà yóò pàdánù AMD64 lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n sì kọ àdéhùn mìíràn. Àwọn amòfin kan gbé èyí lárugẹ nígbà náà, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jókòó sídìí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 1985 sí 1995. Intel kò ní fi ẹ̀rín fún òmìrán ilẹ̀ Kòríà ní ohun tó fi ọdún mẹ́wàá bá ọmọ ilé rẹ̀ ṣẹjọ́ lé lórí. Àhesọ náà kò sọ èyí. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àhesọ mìíràn tún jáde, ó ní Microsoft ni yóò ra AMD. Owó ìpín tún gbéra. Kò sí ohun tó tìdí rẹ̀ yọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí àwọn oníròyìn ń ṣírò iye tí AMD lè tó, ohun tó máa sọ ọ́ di ẹni ńlá ti wà nínú ilé, níbi tí ojú àlejò kò tó. Láti ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, tí Jim Keller wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ṣíìpù tuntun tí wọ́n pè ní Zen. Ọdún 2017 ló jáde sọ́jà ní orúkọ Ryzen àti EPYC. Ìpín tí kò tó dọ́là mẹ́ta ní ọdún 2015 kọjá 200 dọ́là ní ọdún 2024. Ní oṣù kejì ọdún 2022, iye AMD lọ́jà ju ti Intel lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ká ní Samsung ra AMD ní ọdún 2015, ta ni ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé Zen ì bá jáde? Àwọn olùrà a máa gé ohun tí kò tíì mówó wá, Zen kò sì tíì mú kọ́bọ̀ kan wá nígbà náà.

Ohun tó tún dùn láti gbọ́ ni pé Samsung padà rí apá tó wúlò fún un gbà láìrà á. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, òun àti AMD fọwọ́ sí àdéhùn pé kí Samsung máa lo ìmọ̀ ṣíìpù àwòrán AMD nínú fóònù. Exynos 2200, tó jáde ní ọdún 2022, ni ó gbé e wọ̀. Ẹni tó bá nílò omi kò gbọ́dọ̀ ra odò. Samsung ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí ní ọdún 2008, nígbà tó fi bílíọ̀nù 5.85 dọ́là lọ SanDisk, ilé-iṣẹ́ tí òfò ń bá jà nígbà náà. SanDisk ní owó náà kéré, Samsung sì yọwọ́. Nígbà tí Western Digital ra SanDisk ní ọdún 2016, owó náà ti ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ.

Ta wá ni ó ń jèrè nínú àhesọ? Ẹni tó ti ní ìpín lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde ni, tó sì tà á nígbà tí ariwo gba ìlú. Ẹni tó rà á ní àárín ariwo ló ń gbé ẹrù náà. Èyí kò jìnnà sí Nàìjíríà mọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fi fóònù ra ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà lónìí, tí ìròyìn "wọ́n fẹ́ rà á" sì ń tètè dé etí wọn ju ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà lọ. A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Lára àwọn tó gbọ́ ní ọdún 2015 pé wọ́n fẹ́ ta ilé-iṣẹ́ àwọn, àwọn kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lórí Zen.

Ọba tó dùbúlẹ̀

Bí Intel ṣe dé ibi tó dé gùn láti sọ tán. Ó fi ojú kéré fóònù, bẹ́ẹ̀ fóònù ló gba ayé. Paul Otellini, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nígbà náà, padà sọ fún oníròyìn pé wọ́n bá òun sọ ọ́ láti ṣe ṣíìpù iPhone, òun kò gbà. Ẹ̀rọ ìṣelọ́jà rẹ̀, tó ti ń ṣíwájú gbogbo ayé, bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé nígbà tí TSMC ti ilẹ̀ Taiwan ń sáré. Ní ọdún 2020, Apple bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Intel kúrò nínú kọ̀ǹpútà Mac. Nvidia wá gba ọjà ṣíìpù tó ń gbé ìmọ̀ àtọwọ́dá ró. Pat Gelsinger, tó di ọ̀gá àgbà ní ọdún 2021, fi owó tó pọ̀ lé kíkọ́ ilé ìṣelọ́jà tuntun, owó náà sì ń jáde ju bó ṣe ń wọlé lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Intel kéde pé nǹkan bí 15,000 òṣìṣẹ́ yóò lọ, ó sì dá èrè tó ń pín fún àwọn onípìn-ín dúró. Òfò ọdún náà jẹ́ bílíọ̀nù 18.8 dọ́là. Gelsinger kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Lip-Bu Tan gba ipò náà ní oṣù kẹta ọdún 2025.

Nígbà tí orúkọ Qualcomm jáde, àwọn tó ń ka owó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn: iye ilé, iye ẹ̀rọ, iye gbèsè. Awẹ́ gbólóhùn ọdún 2009 ṣì wà níbẹ̀. Bí Qualcomm bá ra Intel, àṣẹ Intel lórí AMD64 parẹ́, olówó tuntun yóò sì ní láti lọ kúnlẹ̀ níwájú AMD, tí òun náà yóò ti pàdánù x86 lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí Intel fi dáàbò bo ara rẹ̀ nígbà tó lágbára ni ó wá di okùn tó so òun náà mọ́lẹ̀ nígbà tí agbára dín kù.

Awẹ́ náà nìkan kọ́ ni ìdènà. Ṣíìpù ti di ohun tí ìjọba ń fi ojú ogun wò. Qualcomm fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti ra NXP ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní bílíọ̀nù 44 dọ́là. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó yẹ kó fọwọ́ sí i ló fọwọ́ sí i, àfi Ṣáínà. Ó dákẹ́ títí ọjọ́ fi pé ní oṣù keje ọdún 2018, Qualcomm sì san bílíọ̀nù 2 dọ́là owó ìtanràn fún òwò tí kò ṣe. Intel náà fẹ́ ra Tower ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, Ṣáínà kò fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà forí ṣánpọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Nvidia pa ti Arm tì ní oṣù kejì ọdún 2022 nígbà tí Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Yúróòpù dìde sí i. Ìjọba tó jẹ́ kí fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n yí ọwọ́ padà bó ṣe wù wọ́n kò ní wo ṣíìpù ní ìdákẹ́jẹ́.

Nítorí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Intel ní ọdún 2025 kò jọ ohun tí àhesọ sọ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó rà á. Àwọn ènìyàn bù ú jẹ ní ègé-ègé. Ní oṣù kẹjọ, SoftBank ti ilẹ̀ Jàpáánù fi bílíọ̀nù 2 dọ́là ra ìpín nínú rẹ̀. Nínú oṣù kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà gba nǹkan bí ìdá 9.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ní bílíọ̀nù 8.9 dọ́là, púpọ̀ nínú owó náà jẹ́ ìrànwọ́ tí ìjọba ti ṣèlérí fún Intel tẹ́lẹ̀ láti fi kọ́ ilé ìṣelọ́jà. Ní oṣù kẹsàn-án, Nvidia ní òun yóò fi bílíọ̀nù 5 dọ́là kún un, àti pé àwọn méjèèjì yóò jọ ṣe ṣíìpù. Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìpín rẹ̀ pọ̀ tó láti di olówó Intel. Owó wọlé, awẹ́ gbólóhùn ọdún 2009 sì ń sùn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń ka ìwé ní Ìbàdàn tàbí ní Sókótó. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, yálà tuntun tàbí tòkúnbọ̀, àmì Intel tàbí ti AMD ló wà lára rẹ̀. Olùtajà ńlá méjì ni ó wà fún èdè kan. Bí ọ̀kan bá ṣubú, tàbí tí àdéhùn tó so wọ́n pọ̀ bá já láìsí òmíràn, olùtajà tó bá ṣẹ́kù ni yóò dá iye tó wù ú lé ọjà, àwọn tó ń ra ìkejì ọwọ́ ni yóò sì san án gbẹ̀yìn.

Ibi tó yẹ kí á máa wò báyìí ni ọ̀rọ̀ pípín Intel sí méjì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òwò ló ń dá a lábàá pé kí ẹ̀ka tó ń ya àwòrán ṣíìpù dá dúró, kí ẹ̀ka tó ń ṣe é nílé ẹ̀rọ náà dá dúró, gẹ́gẹ́ bí AMD ṣe ṣe ní ọdún 2009. Ìjọba Amẹ́ríkà ti fi ìdè tirẹ̀ sí i: bí Intel bá jẹ́ kí ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀ka ìṣelọ́jà náà rẹlẹ̀ sí ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba lè ra ìdá 5 mìíràn lórí èyí tó ti ní, ní 20 dọ́là fún ìpín kan. Bí ìpínyà náà bá wá wáyé síbẹ̀, ìbéèrè tí Intel fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ bi AMD ní oṣù kẹta ọdún 2009 ni AMD yóò gbé síwájú rẹ̀: nínú ilé-iṣẹ́ méjèèjì tí ẹ dá sílẹ̀ yìí, èwo ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀?